Ìbọn Inú Ilé ní Texas: Ọ̀sán Ni Iṣẹ́ Rẹ̀ Pọ̀ Sí

Tí ọmọ Yorùbá kan ní Houston bá fẹ́ ra ìbọn tí yóò máa fi ṣọ́ ilé, irú ìbọn tó dáa jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí. Èmi náà á bi wọ́n padà: ta ló ń sùn nílé yín? Mi ò béèrè ìyàwó àti ọmọ nìkan. Màmá tó wá láti Ìbàdàn láti bá yín tọ́jú ọmọ tuntun ńkọ́? Àbúrò ìyàwó tó ń sùn ní pálọ̀ títí yóò fi rílé gbà ńkọ́? Ọmọ yín tó wà ní yunifásítì ní Austin, tó lè wakọ̀ wọlé láago méjì òru láìpe ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ilé wa kì í ṣófo. Ẹsẹ̀ tó bá ń rìn nínú ilé Yorùbá lóru, ẹsẹ̀ ẹni ẹni ló sábà máa ń jẹ́.

Ohun tí kíkọ́ èèyàn ní ìbọn kọ́ èmi náà nìyẹn. Òru tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ohun tó ń pinnu bí yóò ṣe parí, ọ̀sán la ti ń ṣe é: ìwé tí ẹ ní, ilẹ̀kùn tí ẹ kàn, àpótí tí ẹ ti ìbọn mọ́, àti ohun tí ẹ bá àwọn ará ilé sọ.

Ìwé ni kí a kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn wa ti máa ń rìn sínú ọ̀fìn láìmọ̀. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn, kó sì fi í sílé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílùú. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà ọmọ ilé-ìwé, físà iṣẹ́ bíi H-1B, tàbí físà àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á láyè, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ ṣíṣe tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe rírà nìkan ni òfin kà léèwọ̀, níní ni. Ohun tó bá ti wà ní ìkáwọ́ èèyàn, ó ti ní in nìyẹn, ì báà jẹ́ owó ẹlòmíràn ni wọ́n fi rà á. Nítorí náà, nọ́ńbà tó ń ṣí àpótí ìbọn, ẹ má fi han Màmá tó wá pẹ̀lú físà àbẹ̀wò, ẹ̀rù ì báà máa bà wọ́n nígbà tí ẹ bá lọ síṣẹ́ alẹ́. Ẹ má sì mú ẹ̀gbọ́n tó wá kí yín lọ sí ibi ìdánrawò ìbọn pé kó lọ ya fọ́tò. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 15 ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ọdún 10 ni tẹ́lẹ̀.

Fọ́ọ̀mù 4473 ni ẹ máa kọ níwájú ẹni tó fẹ́ ta ìbọn fún yín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Ó ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ni ìbọn náà. Bí àbúrò kan bá kó owó lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ bá òun rà á, torí ìwé òun ò tíì jáde, irọ́ lẹ ń kọ síbẹ̀ yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè bóyá ẹ ń mu igbó, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé bí ìpínlẹ̀ kan bá gba igbó láyè, ìyẹn ò yí òfin ìjọba àpapọ̀ padà. Fún ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú, nǹkan mìíràn tún wà lẹ́yìn èyí: ẹjọ́ ìbọn tí kóòtù bá ti dá a lẹ́bi lé lórí lè di ìdí tí wọn ó fi lé e kúrò ní Amẹ́ríkà, bí ìjìyà tí adájọ́ fún un ò bá tiẹ̀ ju owó ìtanràn lọ.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya wà nínú ìwé yìí náà. Bí kóòtù bá ti ṣe àṣẹ ìdáàbòbò lé ọkọ lórí lẹ́yìn tó ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí àṣẹ náà sọ pé ewu ló jẹ́ fún ìyàwó tàbí ọmọ, kò gbọdọ̀ ní ìbọn títí àṣẹ náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà fi ìdí òfin yìí múlẹ̀ ní June 2024, nínú ẹjọ́ Rahimi tó ti Texas níbí lọ. Mo mẹ́nu bà á torí mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. Àwọn àgbà ìjọ á pe tọkọtaya jókòó, wọn á bẹ̀bẹ̀, wọn á ní ó ti parí, ọkọ á sì padà sílé bá ìbọn rẹ̀ nínú àpótí. Ẹbí lè parí ìjà, wọn ò lè fagi lé àṣẹ kóòtù. Adájọ́ tó kọ ọ́ nìkan ló lè pa á rẹ́.

Ó yá, òfin ìbọn yíyìn fúnra rẹ̀. Orí 9 nínú Texas Penal Code, ìwé òfin ọ̀daràn Texas, ló wà. Àwọn èèyàn ti gbọ́ orúkọ Castle Doctrine, ìyẹn òfin tó dúró ti onílé tó ń gbèjà ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, wọ́n wá rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ àwọn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 9.32 sọ pé èèyàn lè lo agbára tó lè pani bó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé ó di dandan lójú ẹsẹ̀, láti fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa á, tàbí láti dènà ìpànìyàn, ìfipábánilòpọ̀, ìdigunjalè àti irú wọn tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí. Láti September 1, 2007, òfin fi ìrànlọ́wọ́ kan kún un: bí ẹnìkan bá fi ipá wọ ilé tí ẹ wà nínú rẹ̀, tàbí tó ń gbìyànjú láti fi ipá wọ̀ ọ́ láìní ẹ̀tọ́, òfin á kọ́kọ́ gbà pé ìdí yín mọ́gbọ́n dání. Ìyẹn bí kò bá ṣe ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ níjà, tí ẹ kò sì sí nínú ìwà ọ̀daràn kankan lásìkò yẹn, yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó kékeré. Òfin ò sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sá.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ní kí wọ́n fi ìka lé: ipá. Ẹni tó fọ́ fèrèsé wọlé lo ipá. Ẹni tí ọtí ń pa, tó ṣi ilé mọ̀, tó ti ilẹ̀kùn tí ẹ gbàgbé láti tì, ẹjọ́ tirẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, àwọn jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tí kóòtù yàn láti dájọ́, ni yóò sì jókòó wò ó. Ọ̀rọ̀ kejì ni ilé. Gáréèjì wà lára ilé. Koríko iwájú ilé, ojú ọ̀nà tí ẹ ń gbé mọ́tò sí, ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, wọn kì í ṣe ilé. Ẹni tó ń rìn kiri lórí koríko yín lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri tó ń wá nọ́ńbà ilé.

Ní Kansas City, ní April 13, 2023, Ralph Yarl, ọmọ ọdún 16 tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Liberia, lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ nílé ọ̀rẹ́. Òpópónà méjì ló ní nọ́ńbà kan náà, ó bọ́ sí èkejì, ó tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Bàbá ẹni ọdún 84 tó ni ilé yìnbọn fún un láti inú ilé, gba ara ilẹ̀kùn gíláàsì. Ọmọ náà yè. Bàbá yẹn jẹ́wọ́ ẹ̀bi ní kóòtù ní February 2025, ó sì kú kí wọ́n tó dájọ́ ìjìyà rẹ̀. Ẹ tún wo Dallas. Ní September 6, 2018, ọlọ́pàá obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ bọ́ sí àjà kẹrin dípò àjà kẹta tó ń gbé, ó wọ ilé Botham Jean, ó sì yìnbọn pa á nínú pálọ̀ ara rẹ̀, ó ní òun rò pé olè ló wà nílé òun. Adájọ́ gba àwọn jury láyè pé kí wọ́n gbé Castle Doctrine náà yẹ̀ wò. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò, wọ́n sì dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ọdún 10 ni wọ́n fún un.

Mo máa ń fi ẹjọ́ Baton Rouge, ní Louisiana, tì í lẹ́yìn. Ní October 17, 1992, ọmọ Japan kan tó ń jẹ́ Yoshihiro Hattori, ẹni ọdún 16, ń wá ilé tí wọ́n ti ń ṣe àríyá, ó kan ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe ibẹ̀. Onílé yìnbọn pa á. Kóòtù ọ̀daràn dá onílé náà sílẹ̀ ní ọdún 1993. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kóòtù tí àwọn òbí ọmọ náà gbà lọ fún owó gbà-má-bìínú ní kó san dọ́là tó lé ní 650,000. Ní Texas, òfin mìíràn wà tó ń dáàbò bo ẹni tó yìnbọn lọ́nà ẹ̀tọ́ kúrò lọ́wọ́ irú ẹjọ́ kejì yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé lọ́nà ẹ̀tọ́ ni, lọ́yà yín á sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi hàn tán. Ẹ ka ìwé ìbánigbófò ilé yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sanwó lórí ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Olè tó ti ṣubú, tàbí tó ti kẹ̀yìn, kì í ṣe ewu mọ́. Ní Little Falls, ní Minnesota, ní ọdún 2012, onílé kan gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbòmíràn kí ilé lè dà bí èyí tó ṣófo, ó jókòó sínú yàrá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, ó ń retí. Ọ̀dọ́ méjì fọ́lé lóòótọ́. Ó yìnbọn lù wọ́n, nígbà tí wọ́n ti wà nílẹ̀ ó tún yin òmíràn. Ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ tàn sílẹ̀ ló gba gbogbo ohùn náà sílẹ̀, òun ni wọ́n gbọ́ ní kóòtù. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Ìbọn àkọ́kọ́ lè jẹ́ ìgbèjà, kí èkejì sì jẹ́ ìpànìyàn.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ dúkìá. Abala 9.42 gba ará Texas láyè láti lo agbára tó lè pani nítorí dúkìá nígbà mìíràn, pàápàá olè jíjà lóru, bó bá ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání pé kò sí ọ̀nà mìíràn láti gba nǹkan náà padà, tàbí pé ọ̀nà mìíràn á fi ẹ̀mí òun wewu. Ní Pasadena, lẹ́bàá Houston níbí, ní November 2007, ọkùnrin kan rí olè méjì nílé aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tó gbé fóònù ní 911, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, sọ fún un léraléra kó má jáde. Ó jáde, ó pa àwọn méjèèjì. Ní June 2008, grand jury, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń pinnu bóyá kí ẹjọ́ dé kóòtù, kò fẹ̀sùn kàn án. Àwọn kan máa ń fi ìtàn yẹn ṣe ẹ̀rí fún mi pé òfin wà lẹ́yìn àwọn. Èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni láti pa èèyàn nítorí catalytic converter, irin tí àwọn olè máa ń gé lábẹ́ mọ́tò. Mọ́tò ní ìbánigbófò, ọmọ tó ń fi ayùn gé e lábẹ́ mọ́tò ní ìyá. Pé òfin ò ní dá yín lẹ́bi, ìyẹn ò sọ ohun tí ẹ ó máa rí tí ẹ bá dijú. Mo sì tún ń rán wọn létí pé grand jury ní Texas jẹ́ ènìyàn 12, ohùn mẹ́sàn-án péré ló sì tó láti fẹ̀sùn kan èèyàn. Kí ẹni tó ń fi ohùn tiwa sọ Gẹ̀ẹ́sì má fi ẹjọ́ ẹlòmíràn ṣe ìdánilójú ara rẹ̀.

Ìbọn ìkìlọ̀ ńkọ́, èyí tí èèyàn yìn sókè kí olè lè sá? Ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọta tó bá gòkè á sọ̀ kalẹ̀, òfin Texas sì kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti yìnbọn láìbìkítà nínú ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ tó 100,000. Kí a mú ìbọn jáde kí olè lè rí i, láìyìn ín, òfin kà ìyẹn sí ohun mìíràn tó fúyẹ́ ju agbára tó ń pani lọ. Yíyìn ín, ibikíbi tí ẹ kọjú rẹ̀ sí, agbára tó ń pani ni. Ẹni tó sì kó lọ sí Maryland kò gbọdọ̀ ru òfin Texas dání lọ: níbẹ̀, èèyàn ní láti gba ìwé ẹ̀rí pàtàkì kó tó ra ìbọn ìléwọ́, tí kò bá sì sí nínú ilé rẹ̀, òfin ń retí pé kó kọ́kọ́ sá bó bá lè sá. Nígbà tó bá sì jẹ́ Nàìjíríà lẹ ń lọ, ẹ má dán an wò láti fi ìbọn sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí kọ̀ǹténà. Ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí òfin Nàìjíríà kà léèwọ̀ pátápátá, àfi pẹ̀lú àṣẹ Ààrẹ, Amẹ́ríkà náà yóò sì bi yín léèrè ìwé tó gbà yín láyè láti gbé e jáde.

Ògiri ilé Amẹ́ríkà yẹ ká sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí ẹni tó dàgbà nínú ilé búlọ́ọ̀kù kì í rò ó. Ògiri àárín yàrá méjì níbí, òpó pákó ni, wọ́n wá kan drywall mọ́ ọn lójú méjèèjì. Ohun tó dà bí ẹfun tí wọ́n fi páálí bò ni drywall, nínípọn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ààbọ̀ ínṣì. Ọta 9mm á gba inú rẹ̀ kọjá, á gba ti yàrá kejì, ó sì lè gba ti ẹ̀kẹta. Èyí tí orí rẹ̀ ní ihò náà, tí wọ́n ní kì í rìn jìnnà, ó ṣì ń gba ògiri kọjá. Shotgun kò yọ yín nínú ewu yìí: ẹyọ ọta 00 buckshot kan sábà máa ń ní ọta wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wá ibi tí yóò dúró sí, gbogbo wọn sì jẹ́ tiyín. Abala 9.05 sọ ọ́ kedere pé bí ẹ bá ní ẹ̀tọ́ láti yìnbọn fún olè, tí ẹ sì fi àìbìkítà ṣe ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ léṣe tàbí pa á, ẹ̀tọ́ yẹn ò ní gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́ ti onítọ̀hún.

Nítorí náà, ní ọ̀sán, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ na ọwọ́ lásán, láìmú ìbọn dání, sí ibi tí ẹni tó bá fẹ́ já wọlé yóò gbà. Ẹ bi ara yín pé kí ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Bó bá jẹ́ yàrá ọmọ ló wà níbẹ̀, ẹ yí ibi tí ẹ ó dúró sí padà títí tí ẹ̀yìn ibẹ̀ yóò fi jẹ́ bíríkì tàbí ilẹ̀. Nínú àpátímẹ́ǹtì, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí irú igun bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i, mo máa ń sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé ìbọn lè má jẹ́ ohun tó yẹ ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ tú súkúrù kan ní ara férémù ilẹ̀kùn iwájú, níbi irin pẹlẹbẹ tó ń gba ahọ́n kọ́kọ́rọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, súkúrù yẹn kò gùn tó ínṣì kan, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ férémù nìkan ló wọ̀, kò kan òpó rárá. Bí ẹnìkan bá ta ilẹ̀kùn yẹn nípàá lẹ́ẹ̀mejì, férémù á là, kọ́kọ́rọ́ olówó iyebíye á ṣì wà níbẹ̀ láìfọ́. Ẹ fi súkúrù oní-ínṣì mẹ́ta rọ́pò gbogbo wọn, kí ẹ sì fi ẹyọ kan sára irin kọ̀ọ̀kan tó gbé ilẹ̀kùn ró. Wákàtí kan kò ní gbà tán, owó rẹ̀ kò sì tó ti páálí ọta kan. Ìṣẹ́jú tí olè fi ń bá ilẹ̀kùn yìí jìjàkadì ni ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi kó ọmọ jọ, tí ẹ ó sì fi pe 911. Èmi á fẹ́ súkúrù yìí nílé ẹnikẹ́ni ṣáájú ìbọn.

Àpótí ìbọn: ẹ ra oní-bọ́tìnnì, kí ẹ fi bóòtì dè é mọ́ pákó àpótí aṣọ tàbí ilẹ̀. Èyí tó ń ka ìtẹ̀ka kì í gbọ́ tí ọwọ́ bá tutù tàbí tí ìpara bá wà níka. Bátìrì ló sábà máa ń dójú ti àpótí wọ̀nyí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní March àti November nígbà tí ẹ bá ń yí agogo padà. Kọ́kọ́rọ́ àfipamọ́ kò gbọdọ̀ wà nínú dúróà kan náà pẹ̀lú àpótí, ibẹ̀ ni ọmọ á kọ́kọ́ wò. Ẹ máa fi ojú dídì ṣí i, kí ìka mọ ọ̀nà rẹ̀ nínú òkùnkùn. Orí kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣe ibi ìpamọ́, abẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́? Abẹ́ ìrọ̀rí burú jù. Òfin Texas, abala 46.13, sọ pé bí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá tẹ ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ torí ẹni tó fi í sílẹ̀ kò pa á mọ́ dáadáa, ẹni náà ti dẹ́ṣẹ̀, ọta ì báà má tíì wọ ojú ìbọn. Tí ọmọ náà bá yìn ín tó sì pa èèyàn tàbí ṣe é léṣe ńlá, títí kan ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà á di èyí tó lè gbé òbí lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan.

Ọmọ kékeré nìkan kọ́ ni àpótí wà fún. Ju ìdajì àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà lọ, àwọn fúnra wọn ló gbẹ̀mí ara wọn. A kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nílé wa, a ó ní kí Ọlọ́run má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 16 bá ti ń dá jókòó sínú yàrá, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, tàbí bí ọkọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù iṣẹ́ tó sì ń sọ pé ayé ti sú òun, kí ìbọn kúrò nílé yẹn lónìí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí tí òfin gbà láyè, tàbí kí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àpótí. Ẹ ò nílò láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Iná ló kù. Nínú ilé tó kún bíi tiwa, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ ni mo fẹ́ràn ju èyí tí wọ́n so mọ́ ìbọn lọ. Ohun tí ẹ bá tan iná ara ìbọn sí, ẹ ti na ìbọn sí i nìyẹn, ì báà jẹ́ Màmá tó ń lọ mu omi. Àwọn bàbá ọdẹ tó ń dẹ òru nílé mọ̀ pé ohun tó ń tàn nínú igbó lè jẹ́ ojú ẹran, ó sì lè jẹ́ iná orí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìka kò gbọdọ̀ kan ibi tí a ti ń fa ìbọn títí ojú yóò fi rí ẹni náà, tí ọkàn yóò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ pariwo kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ yan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tí gbogbo ilé mọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ bi ẹni tó wà nínú òkùnkùn: "Ta nìyẹn? Kí la jẹ lálẹ́?" Ọmọ ilé á dáhùn. Olè ò ní mọ̀ pé ẹ̀bà ni.

Lóru náà fúnra rẹ̀, ẹ má jáde lọ wá olè kiri ilé. Gbogbo ará ilé á kó sí yàrá kan, ilẹ̀kùn títì, ẹ̀yin nígun tí ẹ ti yàn lọ́sàn-án, ìbọn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹlòmíràn ni kó pe 911. Àdírẹ́sì ni kó kọ́kọ́ sọ, kó pe lẹ́tà orúkọ òpópónà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ohùn wa bá ń rú wọn lójú. Kó sọ iye ènìyàn tó wà nínú yàrá, aṣọ tí ẹni tó mú ìbọn wọ̀, kó sì sọ pé onílé ló mú un. Kó má pa fóònù. Gbogbo ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, títí kan èébú. Kí ọlọ́pàá tó wọlé, ìbọn ti gbọ́dọ̀ padà sínú àpótí tàbí sílẹ̀, kí ọwọ́ yín méjèèjì sì ṣófo. Ọlọ́pàá tó ń wọ ilé tí ó ṣókùnkùn kò mọ onílé yàtọ̀ sí olè, ọkùnrin dúdú tó mú ìbọn lọ́wọ́ ló máa rí.

Bí ó bá wá di pé ẹ yìnbọn, ẹ tún pe 911, ẹ ní kí wọ́n mú áńbúláǹsì wá fún ẹni tó wà nílẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀kùn tó fọ́ àti ohun ìjà rẹ̀ han ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ lẹ́nu yín pé ẹ ń lo ẹ̀tọ́ yín láti dákẹ́, ẹ sì fẹ́ lọ́yà. Dídákẹ́ lásán kò tó. Nínú ẹjọ́ Salinas tó ti Houston níbí dé ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ọdún 2013, ọkùnrin kan tí wọn ò tíì mú ń dáhùn ìbéèrè ọlọ́pàá, ó wá dákẹ́ lórí ẹyọ kan láìsọ pé ẹ̀tọ́ òun lòun ń lò, wọ́n sì fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ta kò ó. Àwa tí wọ́n kọ́ pé a kì í dákẹ́ bí àgbà bá ń bini léèrè ọ̀rọ̀, òun ló ṣòro fún jù. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ ti fi nọ́ńbà ti ọ̀kan sínú fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìbọn yín, wọ́n máa gbé e lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó sì lè pẹ́ kí ẹ tó rí i. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe fóònù, torí wọ́n lè gbé fóònù náà lọ.